Bí ẹ ṣe máa ṣe gémù ogun ojú sánmọ̀ tí ẹni tó ń gbá a á lè tún ṣe sí bó ṣe wù ú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kun ọ̀dà, mi ò ní purọ́ fún yín. Gémù ogun ojú sánmọ̀ kékeré kan ni mò ń ṣe nínú yàrá mi ní Ìgbógbò, nígbà tó wá dé ibi tó yẹ kí n jẹ́ kí èèyàn lè yí i padà sí bó ṣe fẹ́, ọ̀dà ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ sáré sí, àwọ̀ méjìlá, mo to gbogbo ẹ̀ sínú mẹ́nù bí ẹni pa àtẹ àǹkárá. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sàbó níbí ní Ìkòròdú, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń gbá gémù bọ́ọ̀lù, mo ní kí wọ́n wá dán an wò. Ọmọ kan jókòó, ọlọ́wọ́ òsì ni, ó wo kíbọọ̀dù, ó wo ọwọ́ ẹ̀, ó fà á fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè gbé bọ́tìnì ìbọn wá sí ibí ni?" Mo ní rárá, kò ṣeé ṣe. Ó dìde, ó padà sídìí bọ́ọ̀lù ẹ̀. Kò tiẹ̀ débi tó ti máa rí àwọ̀ kankan.

Nítorí náà bí mo ṣe máa to ìgbésẹ̀ yìí fún yín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí èmi náà ti tò ó. Ọ̀dà ń bọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ló wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ jẹ́ tuntun o. Gémù Spacewar! tí wọ́n kọ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà ní 1962 fún kọ̀ǹpútà PDP-1, ọkọ̀ méjì ló ń jà níbẹ̀, ìràwọ̀ kan wà láàrin tó ń fa àwọn méjèèjì mọ́ra, àwọn swíìṣì sì wà lójú ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n lè fi yí òfin eré padà, bíi kí wọ́n yọ ìràwọ̀ àárín yẹn kúrò. FreeSpace 2 náà jáde ní 1999, àwọn tó ṣe é kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ìbọn sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tó ṣeé kà, wọ́n fi irinṣẹ́ tí èèyàn lè fi ṣe ogun tiẹ̀ sí i, nígbà tó di 2002 wọ́n tún tú kóòdù ẹ̀ síta, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn ṣì fi ń ṣe ogun tuntun fún un títí dòní. Tí ẹ bá fẹ́ ilé ìwé ọ̀fẹ́, ẹ gba gémù Endless Sky sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣí fódà tí wọ́n pè ní data, fáìlì lásán tí èèyàn lè fi ojú kà ni gbogbo ọkọ̀ inú ẹ̀.

Godot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gémù, ni màá fi ṣàpẹẹrẹ torí ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè ta gémù yín kẹ́nikẹ́ni má bèèrè kọ́bọ̀, kì í sì í jẹ dátà bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Tí láptọ́ọ̀pù yín ò bá lágbára, ẹ mú Compatibility, ọ̀nà ìyàwòrán tó fúyẹ́ jù, nígbà tí ẹ bá ń ṣí iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó bá mọ Unity tàbí Unreal, ọgbọ́n kan náà ni, orúkọ bọ́tìnì ló yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó nọ́ńbà jáde nínú kóòdù

Ibí ni ìpìlẹ̀. Ẹ ti kọ ọ́ síbì kan pé ọkọ̀ ń sá ní 420, síbòmíì pé ìbọn ń yọ ẹ̀mí 8, síbòmíì pé asà ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì 3. Tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn bá fọ́n káàkiri inú script (fáìlì kóòdù) ogún, kò sẹ́ni tó lè tún nǹkan kan ṣe, ẹ̀yin gan-an ẹ ò ní rántí ibi tí ẹ fi wọ́n sí. Ẹ wá wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú fáìlì kan, kí kóòdù máa lọ kà á níbẹ̀ tí gémù bá ń ṣí. Tèmi rí báyìí:

```
{
  "format": 1,
  "ships": {
    "ikd_awodi": {
      "name": "Àwòdì",
      "max_speed": 420,
      "thrust": 2000,
      "mass": 10,
      "hull": 80
    }
  }
}
```

max_speed ni eré tó pọ̀ jù, thrust ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀, mass ni ìwúwo, hull ni ẹ̀mí ọkọ̀. "format" yẹn, ẹ má fò ó o. Tí ẹ bá yí bí fáìlì ṣe rí padà lóṣù mẹ́fà sí i, nọ́ńbà yẹn ni gémù fi máa mọ̀ pé fáìlì àtijọ́ nìyí, kó tún un ṣe dípò kó kú. "ikd_" tó ṣáájú orúkọ, kí àwòdì tèmi má baà gba ipò àwòdì ẹlòmíì ni.

Nǹkan méjì ló dà mí láàmú níbí. Àkọ́kọ́, Godot máa ń ka gbogbo nọ́ńbà inú JSON (irú fáìlì tó wà lókè yẹn) sí oní-kóńmà, 10 á di 10.0, tí ẹ bá wá fẹ́ fi ka ihò ìbọn tó wà lára ọkọ̀, ẹ fi int() sọ ọ́ di odindi kẹ́ ẹ tó lò ó. Ìkejì, ẹnì kan á gbàgbé àmì ìdádúró kan, fáìlì á bàjẹ́, gémù á kàn dúdú. Ẹ má lo JSON.parse_string níbẹ̀ torí kò ní sọ fún ẹni yẹn ibi tó ti ṣìṣe, JSON.new() ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ pe parse lórí ẹ̀, tó bá kọ̀, get_error_line á fún yín ní nọ́ńbà ìlà tó bàjẹ́. Ẹ gbé e sójú kọ̀ǹpútà fún un: "Ìlà 7 nínú ships.json ò pé." Ẹ wá fi ọkọ̀ tó wà látilẹ̀ ṣí gémù fún un.

Lẹ́yìn náà, gbèdéke. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí fáìlì yìí, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó sọ eré ọta ìbọn di 6000. Ó yìn ín, ọta gba inú ọ̀tá kọjá, ọ̀tá ò tiẹ̀ mì. Ó ní mo ti fún ọ̀tá ní oògùn ayẹta. Kì í ṣe oògùn jàre, gémù ń ṣí ọta nípò ìgbà 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan, 6000 tí ẹ bá pín sí 60 jẹ́ 100, ọkọ̀ ọ̀tá ò sì fẹ̀ ju 40 lọ, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ọta ti fò ó kọjá. Ẹ lè fi gbèdéke 2000 sí i, torí ìgbésẹ̀ kan á jẹ́ bíi 33, kò lè fo 40. Tàbí kẹ́ ẹ fa ìlà láti ibi tí ọta wà tẹ́lẹ̀ dé ibi tó dé báyìí, ohunkóhun tí ìlà yẹn bá gbà kọjá ti jẹ ọta nìyẹn. Èyí tó dáa jù ni ìkejì. Gbèdéke tó kéré sì wà o, mass kò gbọdọ̀ jẹ́ 0, ẹ óò fi pín nǹkan láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Bọ́tìnì

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ ò lè mọ ọwọ́ ẹni tó máa gbá gémù yín.

Nínú kóòdù, ẹ má kọ orúkọ kíì kankan sílẹ̀ rárá. Ẹ lọ sí Project Settings, sínú Input Map, ẹ dá ìṣe sílẹ̀ níbẹ̀, "yin_ibon", "gba_iwaju", "gbe_asa", kóòdù á wá máa bèèrè pé ṣé wọ́n tẹ "yin_ibon", kò kàn án bóyá spacebar ni àbí máòsì. Níbi sẹ́tìn, tí èèyàn bá tẹ orúkọ ìṣe kan, ẹ kọ "Tẹ bọ́tìnì tó o fẹ́" síbẹ̀, ẹ dúró de èyí tó máa tẹ̀, ẹ wá fi InputMap.action_erase_events nu ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi action_add_event kọ tuntun. Tí bọ́tìnì yẹn bá ti níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan máa ń gbé ìkìlọ̀ gígùn jáde. Ẹ kàn pààrọ̀ méjèèjì fún ara wọn, kẹ́ ẹ sì fi hàn án pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀, ó tán. Esc nìkan ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà, òun ló ń mú èèyàn padà sí mẹ́nù, kẹ́ ẹ sì fi "Dá gbogbo ẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀" síbi tí ojú á ti tètè rí i. Ẹ fi ConfigFile sévù ẹ̀ sínú user:// (fódà tí Godot yà sọ́tọ̀ fún ohun tí gémù fẹ́ tọ́jú), torí inú fódà res:// (ibi tí fáìlì gémù fúnra ẹ̀ wà) ò ṣeé kọ nǹkan sí mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó gémù jáde.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa níbí, àìmọye ẹ̀ ló ti Faransé tàbí Jámánì wá. Kíbọọ̀dù ti Faransé, ibi tí W wà lórí tiwa, Z ló wà níbẹ̀, ibi tí A wà, Q ló wà. Ẹni tó ń lò ó á ní ìka òun ń lọ́. Ẹ lo physical_keycode, ibi tí kíì wà ló ń wò, kì í wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀. Àwọn ará wa ní Badagry tí wọ́n ń ra ẹrù láti ọ̀nà Kútọnu á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ tún mọ̀ pé kíbọọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kì í gbọ́ bọ́tìnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn ń lọ síwájú, ó ń yí sápá òsì, ó ń yìnbọn, ó wá fẹ́ gbé asà, kíbọọ̀dù ní òun ò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Kì í ṣe ẹ̀bi gémù, àmọ́ gémù ló máa jẹ èébú. Tó bá lè gbé asà lọ sí Shift tàbí sí máòsì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń yanjú. Ẹ tún fún un láyè láti yàn bóyá òun á di bọ́tìnì ìbọn mú, àbí òun á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó máa yìn lọ títí òun á fi tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn, tàbí tó ń fi ọwọ́ kan gbá a, ìyẹn nìkan ló nílò. Páàdì tó ti gbó, tí ọ̀pá ẹ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ẹ fún un ní sẹ́tìn deadzone (bí ọ̀pá ṣe lè rìn tó kí gémù tó kà á sí) láti 0.1 sí 0.5, kẹ́ ẹ fi 0.2 ṣe ti àtilẹ̀wá. Yíyí òkè di ìsàlẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ìlà kan ni, ẹ má ṣe ọ̀lẹ.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ọkọ̀ ṣe ń fò

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò rí ti mọ èyí: awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì kó tó dé èbúté, ọkọ̀ á ṣì máa yọ́ lọ. Omi ló máa ń dá a dúró níkẹyìn. Lójú sánmọ̀ kò sí omi, kò sí afẹ́fẹ́, ọkọ̀ tó bá ti sáré á máa sá lọ ni. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á yí imú ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á máa yìnbọn fún ẹni tó ń lé wọn. Àwọn mìíì fẹ́ kó dà bíi kẹ̀kẹ́ márúwá, kó dúró tí wọ́n bá ti gbọ́wọ́ kúrò. Kò sídìí tí ẹ fi máa jà lé e lórí, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà kan láàárín 0 àti 1, ẹ pè é ní ìrànwọ́:

```
velocity += iwaju * (thrust / mass) * delta
if not Input.is_action_pressed("gba_iwaju"):
    velocity *= exp(-iranwo * 3.0 * delta)
```

(Ìlà àkọ́kọ́, ìgbà tí wọ́n bá tẹ "gba_iwaju" nìkan ni kó ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi max_speed dé e lórí. iwaju ni ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí, delta ni ìwọ̀n sẹ́kọ́ńdì tó kọjá láàárín àwòrán kan àti èkejì.) Tí ìrànwọ́ bá jẹ́ 0, ọkọ̀ ò ní dúró láé. Tó bá jẹ́ 1, lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì kan tẹ́ ẹ gbọ́wọ́ kúrò, eré tó kù ò ní ju bíi 5 nínú 100 lọ. Ìdí tí mo fi lo exp dípò kí n kàn sọ ọ́ di ìlọ́po 0.95 ni pé kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán 30 ní sẹ́kọ́ńdì kan àti èyí tó ń ya 60 á dúró bákan náà, kò ní jẹ́ pé ẹni tó lówó ra kọ̀ǹpútà ńlá ni bíréèkì ẹ̀ máa mú jù.

Ìgbésẹ̀ 4: Títo ọkọ̀

Ibí ni adùn gémù ogun wà, ibẹ̀ náà ló sì ti tètè ń bàjẹ́. Tí ẹ bá jẹ́ kí èèyàn kó gbogbo ìbọn ńlá sórí ọkọ̀ kan, kò yan nǹkan kan nìyẹn, ó kàn kó gbogbo ẹ̀ ni. Ohun tó ń jẹ́ kó dùn ni pé kó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú èkejì.

Mo lo nǹkan méjì, agbára àti ìwúwo. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń pèsè agbára 100. Ìbọn ńlá ń jẹ 35, asà ń jẹ 40, ẹ̀rọ eré àsáyọ ń jẹ 30. Ẹ ro ó pọ̀, 105 ni. Kò gba gbogbo ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ tàbí kó mú ìbọn kékeré, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, tí wọ́n bá sì ti ń jiyàn, ẹ ti rí i ṣe.

Ìwúwo kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó kàn ń gba owó ẹ̀ lọ́nà mìíì. Àwòdì tó wà lókè yẹn, thrust 2000, ìwúwo 10, eré ẹ̀ ń lé sí i ní 200 ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan, á dé 420 láàárín sẹ́kọ́ńdì 2 àti díẹ̀. Ẹ wá de irin tó wúwo 6 mọ́ ọn lára, ìwúwo di 16, eré ń lé ní 125, ó di sẹ́kọ́ńdì 3 ó lé kó tó dé 420. Ara ẹ̀ le, àmọ́ ó ti di ọkọ̀ àjàgbé. Ẹ ò ní láti kọ òfin kankan fún ìyẹn, pípín yẹn ló ṣe gbogbo ẹ̀, òun ló dé tí mo fi ní kí mass má jẹ́ 0.

Kí ojú rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀, tó bá gbé ìjúbolẹ̀ lé irin yẹn, kẹ́ ẹ fi hàn pé eré á lọ sílẹ̀, ẹ̀mí á gòkè, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì fún un láyè láti sévù ọkọ̀ bíi mẹ́ta, mẹ́rin, pẹ̀lú orúkọ tó bá fẹ́. Ẹnì kan pe tiẹ̀ ní "Má Fọwọ́ Kàn Mí".

Tí ẹ bá rí i pé gbogbo èèyàn ń to ọkọ̀ kan náà, nǹkan kan ti lágbára jù níbẹ̀. Ẹ má sáré gé agbára ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó yẹ kó kojú ẹ̀ ni ò tíì sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀dà, níkẹyìn

Ẹ má ya àwòrán ọkọ̀ méjìlá bí mo ṣe yà á. Ẹ ya ọ̀kan ní eérú, ẹ ya àwòrán kejì tó bá a mu, tí apá pupa inú ẹ̀ ń sọ ibi tí àwọ̀ kìíní máa dé, tí apá ewéko ń sọ ibi tí àwọ̀ kejì máa dé, kẹ́ ẹ fi shader (kóòdù tó ń kun àwòrán) kékeré kan so wọ́n pọ̀. Àwọ̀ tó bá wu ẹni náà nínú ayé yìí ló lè mú. Ọmọ tó kọ́kọ́ lò ó, kíá ló kùn ún ní yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú, dáńfò ti dé ojú sánmọ̀.

Àmọ́ tí ẹni tiyín àti ọ̀tá bá wọ àwọ̀ kan náà ńkọ́? Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ lára ọ̀tá. Ẹ fi òbìrípo yí ọ̀rẹ́ ká, ẹ fi igun mẹ́ta yí ọ̀tá ká. Àwọn èèyàn wà tí ojú wọn ò mọ pupa yàtọ̀ sí ewéko, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé wọn ò ní sọ fún yín.

Tí ẹ bá gbà kí wọ́n gbé àwòrán tiwọn wọlé, Image.load_from_file ló ń ṣe é, ẹ dín in kù sí 512 sí 512 lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Fótò tó fẹ̀ 4096 tó ga 4096 ń gba 64MB nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti 512 yẹn ò ju 1MB lọ. Kí ibi tí ọta ti lè ba ọkọ̀ má sì tẹ̀lé àwòrán o. Mo jẹ́ kó tẹ̀lé e nígbà kan, ẹnì kan gbé àwòrán tó jẹ́ àmì tíńtín kan wọlé, kò sẹ́ni tó lè yìnbọn bà á mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì

Ẹ ṣí fódà kan, user://mods, ohun tí wọ́n bá jù síbẹ̀ kí gémù kà á lẹ́yìn tiyín, kí tiwọn borí. JSON, PNG fún àwòrán, OGG fún ohùn, ó tó. Ẹ má gba fáìlì .tres tàbí .pck (irú fáìlì ti Godot fúnra ẹ̀) lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀, torí kóòdù lè sápamọ́ sínú ẹ̀, tó bá ti ṣí, ohun tó bá wù ú ló máa ṣe sí kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni. Kí orúkọ fáìlì jẹ́ lẹ́tà kékeré nìkan: Windows ò mọ Awodi.png yàtọ̀ sí awodi.png, Android mọ̀ ọ́n dáadáa, ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa ti pòórá.

Tó bá jẹ́ gémù tí wọ́n ń gbá síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà inú fáìlì ẹni tó ṣí eré náà fún àwọn yòókù ni gbogbo wọn máa lò. Ọ̀dà àti bọ́tìnì nìkan ni kálukú máa gbé wá láti ilé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ojú, etí, àti èdè

Bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, bóyá ojú kọ̀ǹpútà á máa gbọ̀n tí bọ́ǹbù bá dún, bóyá iná á máa kọ mànà, ohùn ìbọn lọ́tọ̀ orin lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ṣeé pa. Ẹ fi gbèdéke àwòrán 30 ní sẹ́kọ́ńdì kan síbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n bá ti mú iná lọ tó ku bátìrì nìkan, ẹ ó rí i pé sẹ́tìn tí wọ́n máa lò jù nìyẹn.

Èdè ńkọ́? Mo fi Yorùbá sí tèmi. Ẹ dán fọ́ńtì wò kẹ́ ẹ tó fẹ́ràn ẹ̀, torí lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀, lẹ́tà kan àti àmì kan lórí ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí, fọ́ńtì gémù tó rẹwà jù ló máa ń sọ wọ́n di àpótí òfìfo. Ẹ kọ "ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́" sínú ẹ̀, tó bá là á já, ẹ lò ó.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e fún ẹlòmíì

Ẹ jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, ẹ pa ẹnu dé. Ó le o. Ọwọ́ á máa yún yín láti sọ pé "tẹ ibẹ̀ yẹn". Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀: ibo ló kọ́kọ́ wá sẹ́tìn sí, kí ló yí padà, kí ló yí tó tún dá padà. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lẹ́yìn èèyàn mẹ́wàá, ẹ gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ mẹ́nù.

Mo padà lọ sí Sàbó. Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì yẹn gbé ìbọn lọ síbi tó fẹ́, ó fi ìrànwọ́ sí 0, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn fò bí akàn. Ó nà mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo wá ní kí n kó gémù náà fún un sórí fláàṣì, kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà ilé wọn, torí mo ti kọ ọ̀nà fáìlì kan sínú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ láti C:\Users, orúkọ èmi gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ wá irú ẹ̀ nínú tiyín lálẹ́ òní.